Bí Tẹlifíṣọ̀n Bá Kó Lọ Sórí Díjítà, Kí Ló Kan Rédíò FM?

Láti ìgbà tí ìjọba ti ń sọ fún wa pé tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́ máa kógbá sílé, pé kí kálukú lọ wá dẹ́kódà FreeTV, ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń gbọ́ rédíò kò yé béèrè: ṣé kò ní kan rédíò náà báyìí? Àwọn àgbàlagbà tó jẹ́ pé rédíò ló ń bá wọn jí tó ń bá wọn sùn, àwọn awakọ̀, àwọn ìyálọ́jà tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò tan FM tí kò ní fọhùn mọ́. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Ní Nàìjíríà, kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n nìkan ni ètò díjítà yìí wà fún. Rédíò FM tó wà nílé yín kò nílò dẹ́kódà kankan.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn nìkan kò tó. Ní Amẹ́ríkà, ní Japan, ní Brazil, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n kó lọ sórí díjítà, ó kan rédíò FM gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn kan pàdánù, àwọn kan jèrè, àwọn kan sì fa ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àjọ ìjọba fún ọdún gbọọrọ. Ohun tó fa ìyàtọ̀ kò ju ẹni tó múlé ti FM ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lọ. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kó yé wa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ohun tí à ń kà lórí ọ̀rọ̀ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ará Amẹ́ríkà ló kọ ọ́ fún ará Amẹ́ríkà. Tí a bá gbé e wá síbí bó ṣe wà, a ó máa bẹ̀rù ohun tí kò sí, a ó sì fojú fo ohun tó wà nílẹ̀.

Ẹ wo ojú rédíò yín. FM bẹ̀rẹ̀ láti 87.5, ó parí sí 108. MHz ni wọ́n fi ń ka nọ́ńbà wọ̀nyẹn: iye mílíọ̀nù ìgbà tí ìgbì ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ojú òfuurufú tí ìgbì ń gbà kọjá dà bí ilẹ̀ tí wọ́n ti gé sí púlọ́ọ̀tì. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ó sì ní ẹni tó bá a pààlà lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Lápá ọ̀tún FM, bí ẹ bá ti kọjá 108 báyìí, àwọn bàálù lẹ máa bá níbẹ̀. Ìgbì tó ń tọ́ wọn sọ́nà bí wọ́n bá fẹ́ balẹ̀ ló kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà ni èyí tí awakọ̀ òfuurufú fi ń bá àwọn ará pápákọ̀ sọ̀rọ̀. Bó ṣe rí kárí ayé nìyẹn, òun náà ló sì jẹ́ kí àwọn aláṣẹ máa le mọ́ ilé-iṣẹ́ FM tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń da omi sí ọgbà ẹlòmíì nítòsí pápákọ̀ òfuurufú.

Apá òsì ni orílẹ̀-èdè ti yàtọ̀ sí orílẹ̀-èdè. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà àti Yúróòpù, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kò kọjá 47 sí 68 MHz. Láti 68 títí dé 87.5, rédíò ìbánisọ̀rọ̀ ló wà fún, irú wokitókì tí àwọn agbófinró àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àti bíńtín kan ní 75 tó jẹ́ ti bàálù. Nítorí náà, àlàfo tó tó nǹkan bíi 20 MHz ló wà láàárín tẹlifíṣọ̀n ìsàlẹ̀ yẹn àti FM tiwa. Wọn kò bá ara wọn pààlà rárá.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n bá ara wọn pààlà. Ìkànnì 6 ti tẹlifíṣọ̀n lọ́hùn-ún bẹ̀rẹ̀ láti 82, ó sì parí sí 88 géérégé. Ibi tó parí sí náà ni FM tiwọn ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti ṣẹ́ yọ.

Ìlú Philadelphia ló jẹ́ kí n rí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WPVI, tí àwọn ará ìlú mọ̀ sí 6ABC, ti wà lórí ìkànnì 6 láti ọdún gbọọrọ. Ní ayé analog, ìyẹn ìlànà àtijọ́ tó ṣáájú díjítà, orí ìgbì kan ni tẹlifíṣọ̀n ń gbé àwòrán sí, orí òmíràn ló ń gbé ohùn sí. Ní ìkànnì 6, àwòrán wà lórí 83.25, ohùn wà lórí 87.75. FM ni wọ́n sì fi ń gbé ohùn náà jáde, bí ilé-iṣẹ́ rédíò ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá yí rédíò rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, sí 87.7, yóò gbọ́ ìròyìn tẹlifíṣọ̀n láìsí tẹlifíṣọ̀n níwájú rẹ̀. Ohùn náà máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí ti àwọn rédíò yòókù, nítorí pé ohùn tẹlifíṣọ̀n kì í ti ìgbì rẹ̀ ju 25 kHz lọ (1,000 kHz ló wà nínú MHz kan) sọ́tùn-ún tàbí sósì, nígbà tí ti rédíò FM ń dé 75. Ẹni tó wà nínú mọ́tò á kàn yí ohùn rẹ̀ sókè ni. Bí àwọn awakọ̀ ṣe ń gbọ́ ìròyìn ìrọ̀lẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìyẹn, bí àwọn tí ojú wọn kò ríran ṣe ń tẹ̀ lé e nìyẹn, lórí rédíò tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ọjọ́ 17, oṣù Kejì, ọdún 2009 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá láti pa analog. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ilé kò tíì múra, wọ́n sún un sí ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà. Ọjọ́ yẹn ni ohùn orí 87.75 dákẹ́ ní Philadelphia. Díjítà kì í ya ohùn sọ́tọ̀ kúrò lára àwòrán. Ó máa ń lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ di nọ́ńbà, á wá tẹ́ nọ́ńbà náà sórí gbogbo fífẹ̀ ìkànnì, láti etí kan dé ìkejì. Rédíò FM tó bá yà síbẹ̀, híhó lásán ló máa gbọ́.

Àwọn kan rò pé àìgbọ́ ìròyìn nínú mọ́tò ni òpin ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ayé analog, ojú méjì péré ni agbára ìkànnì 6 kóra jọ sí, ní àyíká àwòrán àti ní àyíká ohùn. Àyè tó wà láàárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Díjítà kò fi àyè kankan sílẹ̀, agbára rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ títí dé ẹ̀bá ààlà. Àwọn tó sì wà lódì kejì ààlà náà kì í ṣe àwọn olówó. Láti 88.1 dé 91.9, òfin Amẹ́ríkà fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún rédíò tí kì í ṣe ti òwò: ti yunifásítì, ti ìjọ Ọlọ́run, ti aráàlú. Ní Philadelphia yẹn kan náà, WXPN tó jẹ́ ti University of Pennsylvania wà lórí 88.5. Ó ti pẹ́ tí òfin kan ti ń béèrè lọ́wọ́ irú àwọn rédíò wọ̀nyí pé kí wọ́n má ṣe dí ìkànnì 6 lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ rédíò yunifásítì tó bá wà nítòsí ìkànnì 6 lè ní láti dín agbára rẹ̀ kù, tàbí kó kọ ẹ̀yìn eriali rẹ̀ sí apá ibi tí àwọn òǹwòran pọ̀ sí, tàbí kó lọ so eriali náà mọ́ òpó tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ kí agbára àwọn méjèèjì lè máa jáde láti ojú kan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò retí ni pé tẹlifíṣọ̀n gan-an ló kọ́kọ́ pariwo. Kí ọjọ́ 12 tó dé, WPVI ti ń dán díjítà wò lórí ìkànnì 64 níbi tí ohun gbogbo ti ń lọ geere. Lọ́jọ́ náà gan-an, ó kó padà sórí 6. Àwọn èèyàn tún tẹlifíṣọ̀n wọn ṣe, wọ́n wá a, wọn kò rí i mọ́. Ìgbì ìsàlẹ̀ gùn, eriali kékeré tí wọ́n ń gbé sórí tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀ kò lè mú un dáadáa. Ariwo iná mànàmáná, ti mọ́tò ẹ̀rọ àti ti mànàmáná ojú ọ̀run sì pọ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ. Lórí analog, ariwo á kàn wọ́n àmì tó-tò-tó sójú àwòrán, èèyàn á ṣì máa wò ó bẹ́ẹ̀. Lórí díjítà, bí ariwo bá ti borí, àwòrán lọ nìyẹn, ojú tẹlifíṣọ̀n á dúdú. Àwọn ilé-iṣẹ́ FM alágbára tó wà nítòsí náà sì tún ń ti ẹ̀rọ inú tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn kọjá ibi tó lè gbé. FCC, àjọ tó ń bójú tó ìgbì lọ́hùn-ún, wá gbà kí WPVI gbé agbára rẹ̀ sókè, láti nǹkan bíi kílówáàtì 7 àbọ̀ sí nǹkan bíi 30. WRGB ní Schenectady, tó wà lórí ìkànnì 6 bákan náà, gba irú àyè yìí. Ẹ fojú inú wo rédíò yunifásítì tó wà lórí 88.1 nígbà tí aládùúgbò tó ti tẹ́jú dé ẹ̀bá ààlà wá sọ agbára rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin.

Òfin 2009 yìí kò kan gbogbo tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n gba àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí agbára ẹ̀rọ wọn kò pọ̀ láyè láti máa bá analog lọ. Àwọn kan sì tètè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ tẹlifíṣọ̀n kékeré lórí ìkànnì 6, ó ti gba rédíò lórí 87.7 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é ní rédíò. Wọ́n á gbé àwòrán kan ṣáá sójú tẹlifíṣọ̀n kí òfin má bàa mú wọn, ohùn ni wọ́n wá gbájú mọ́. Ní New York, 87.7 di ibi orin ijó, Pulse 87 lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ibẹ̀ náà ni àwọn ará Korea tó ń gbé ìlú náà ti ń gbọ́ èdè wọn. Ní Chicago, orin jazz ló gbà á. Franken FM ni àwọn ará Amẹ́ríkà sọ irú ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí.

Ọjọ́ 13, oṣù Keje, ọdún 2021 ni àkókò wọn pé. Bí wọ́n bá bọ́ sórí díjítà bíi ti àwọn àgbà, ohùn wọn parí nìyẹn. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n gba ìlànà díjítà tuntun tó ń jẹ́ ATSC 3.0, èyí tó ṣeé fún pọ̀. Dípò kí ó gba gbogbo 6 MHz ìkànnì náà, ó lè lo 5.5. Wọ́n wá ki ohùn analog bọ inú ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ní apá 88. FCC kọ́kọ́ fún wọn ní àyè onígbà díẹ̀. Ní oṣù Keje 2023, ó sọ ọ́ di ohun tó tọ́ lábẹ́ òfin fún ilé-iṣẹ́ 14, ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀. NPR, tó ń ṣojú ọ̀pọ̀ rédíò aráàlú tó wà lápá 88 sí 92, kò fara mọ́ ọn.

Mo gbà pé FCC kò ṣe àìdáa sí àwọn tó ń gbọ́. Àwọn tó fi àyè bẹ́ẹ̀ ṣe ilé sábà máa ń jẹ́ àwọn àwùjọ tí rédíò ńlá kò kà kún, àwọn àjòjì tí èdè wọn kò sí níbòmíràn lórí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún méjìlá kọjá láàárín 2009 àti 2021, kò sì sí aláṣẹ tó yanjú ìbéèrè yìí: ìkànnì tí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ti sá kúrò níbẹ̀ yìí, kí la fẹ́ fi ṣe? Àbá wà nílẹ̀ pé kí wọ́n gba ìkànnì 5 àti 6 lọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n fi kún FM. Wọn kò ṣe é.

Brazil ló ṣe é. Ìkànnì Brazil rí bíi ti Amẹ́ríkà: 5 wà láti 76 dé 82, 6 wà láti 82 dé 88. Ní oṣù Kọkànlá 2013, Ààrẹ Dilma Rousseff fọwọ́ sí àṣẹ kan tó gba àwọn rédíò AM láyè láti kó wá sórí FM, nítorí pé ariwo iná àti ẹ̀rọ inú ìlú ti bo AM mọ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó lé ní 1,000 ló béèrè. Ní àwọn ìlú kéékèèké, àyè wà nínú FM àtijọ́ fún wọn. Ní àwọn ìlú ńlá bíi São Paulo, FM ti kún dẹ́nu, kò sí ibi tí ẹlòmíì lè fẹsẹ̀ tẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n ní sùúrù títí tẹlifíṣọ̀n analog yóò fi kúrò. Ó kúrò ní São Paulo ní oṣù Kẹta 2017, ó sì kúrò ní Salvador ní Bahia, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti fi gbòǹgbò múlẹ̀ láti ayé ẹrú, lọ́dún yẹn kan náà. Ní oṣù Karùn-ún 2021, àwọn rédíò àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí FM tuntun náà, láàárín 76 sí 88.

Japan ti gba ọ̀nà tó jọ ọ́ kí Brazil tó dé ibẹ̀. Tiwọn tilẹ̀ ṣàrà ọ̀tọ̀: láti 76 dé 90 ni FM wọn tẹ́lẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ìkànnì 1, 2 àti 3 ló jókòó sí 90 títí dé 108. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta rédíò níbẹ̀ nígbà náà tí wọ́n kọ TV 1–3 sí ojú rẹ̀, tí èèyàn fi lè gbọ́ ohùn tẹlifíṣọ̀n ìlú lórí rẹ̀. Wọ́n pa analog ní ọjọ́ 24, oṣù Keje 2011. Ìpínlẹ̀ mẹ́ta tí ilẹ̀ ríri àti omi òkun ṣe lọ́ṣẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún náà, Iwate, Miyagi àti Fukushima, ni wọ́n fún láyè di oṣù Kẹta 2012. Àjálù yẹn náà ló jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi àyè tó ṣí sílẹ̀ ṣe. Eriali AM tóbi, ẹ̀bá omi ni wọ́n sì sábà máa ń rì í mọ́. Bí omi bá ya, rédíò tó yẹ kó máa kìlọ̀ fún aráàlú ni yóò kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n bá fún àwọn ilé-iṣẹ́ AM ní 90 sí 95 kí wọ́n máa tún ètò wọn gbé jáde níbẹ̀ lórí FM. Àwọn mẹ́ta ní Tokyo bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá 2015. Ní 2021, 44 nínú ilé-iṣẹ́ AM aládàáni 47 tó wà lórílẹ̀-èdè náà ti sọ pé FM làwọn ń kó lọ.

Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ aráàlú ṣe pàtàkì tó òfin fúnra rẹ̀. Bí Brazil bá tilẹ̀ ṣí 76 sílẹ̀, rédíò àtijọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti 87.5 kò ní gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn ará Kenya àti Uganda mọ èyí láti ìdàkejì: àwọn tokunbo tí wọ́n ń kó wọlé láti Japan, ọ̀pọ̀ rédíò inú wọn kì í kọjá 90, àfi kí oníṣẹ́ so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn kó tó lè gbọ́ FM ìlú. Bí ẹ bá ní ọ̀kan nínú àwọn rédíò kékeré tó ń ti China wá, ẹ yí i wò. Ẹ lè bá a lára rẹ̀ pé FM rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 64 tàbí 76. Kì í ṣe pé nǹkan wà níbẹ̀ fún wa láti gbọ́. Gbogbo ayé ni wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ náà fún ni.

Nàìjíríà wá ńkọ́? Àwọn kan ti ń sọ pé kí NBC, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́, ṣe bíi ti Brazil, kí ó fa FM sẹ́yìn dé 76. Mo mọ ohun tó ń sún wọn sọ ọ́. Ní Èkó, ẹ lè ka 96.9, 97.3, 97.7, 98.1 bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀, ilé-iṣẹ́ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi 0.4 sáàárín wọn, gbogbo FM láti 87.5 dé 108 kò lè gba ju nǹkan bíi 50 lọ ní ìlú kan. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kọ́ ló wà láàárín 76 sí 87.5 nílẹ̀ wa. Bí gbogbo tẹlifíṣọ̀n analog Nàìjíríà bá kú lónìí, kò sí MHz kan tó máa ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ FM. Ẹni tó bá fẹ́ ibẹ̀, àwọn oní-wokitókì ló máa bá dúnàádúrà. Ohun tí Áfíríkà ṣe ní tirẹ̀ ni pé ní 2019, ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, àti ATU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé ìpín FM tí wọ́n ṣe ní Geneva lọ́dún 1984 yẹ̀ wò, kí wọ́n lè rí àyè fún àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun nínú FM tó ti wà.

Geneva náà ni wọ́n ti dá ọjọ́ fún tẹlifíṣọ̀n, lọ́dún 2006. Wọ́n ní tó bá ti di ọjọ́ 17, oṣù Kẹfà 2015, orílẹ̀-èdè tó bá ṣì ń lo analog kò tún gbọdọ̀ fi ẹjọ́ sùn bí ìgbì aládùúgbò bá ń dí i lọ́wọ́. Fún àwọn ìkànnì VHF, láti 174 dé 230 MHz, àwọn orílẹ̀-èdè bíi Nàìjíríà àti Tógò gba àfikún ọdún márùn-ún, di 2020. Jos ni a ti bẹ̀rẹ̀ tiwa, ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin 2016. Abuja tẹ̀ lé e kí ọdún náà tó parí, Ìlọrin ní 2017, Òṣogbo ní 2018, Èkó ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹrin 2021. Ìlànà DVB-T2 ni FreeTV ń lò, orí UHF ló sì wà, níbi tí tẹlifíṣọ̀n ní láti 470 dé 694. Ibẹ̀ jìnnà sí FM bí ojúmọ́ ṣe jìnnà sí alẹ́. Kò sí bí ìgbì FreeTV ṣe máa wá bá rédíò lórí 105.5 nílé rẹ̀.

Síbẹ̀, okùn kan wà láàárín FM àti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ wa tí àwọn èèyàn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ rédíò tó bá ń gbé ìgbì kan jáde máa ń bí òmíràn tó jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀, bí kò bá sí àsẹ́ tó dára nídìí ẹ̀rọ náà. Ìlọ́po méjì 87.5 ni 175, ìlọ́po méjì 108 ni 216. Inú VHF tẹlifíṣọ̀n gan-an ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí. Ìkànnì 10 tí NTA Èkó ń lò láyé àtijọ́, láti 209 dé 216 ni ó wà. Ìlà kan náà ni FM láàárín 104.5 sí 108 ń fi ìlọ́po méjì rẹ̀ tọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n tọ́jú dáadáa, àsẹ́ rẹ̀ á mú èyí. Èyí tí wọn kò tọ́jú, ẹni tí ilé rẹ̀ bá sún mọ́ òpó rédíò ló máa mọ̀ ọ́n, nígbà tí ìlà bá ń sáré lójú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ láìmọ ibi tó ti wá. Bí tẹlifíṣọ̀n bá wá kó lọ sórí UHF, wàhálà yẹn parí. Ní Nàìjíríà, tẹlifíṣọ̀n ló jèrè lára FM nínú ètò yìí, kì í ṣe pé FM pàdánù.

Ohun tí mo fẹ́ kí a máa bi NBC ni ohun tí wọ́n fẹ́ fi VHF yẹn ṣe. Ìwé àdéhùn 2006 gbà kí wọ́n lò ó fún tẹlifíṣọ̀n díjítà, ó sì gbà kí wọ́n lò ó fún rédíò díjítà, èyí tí wọ́n ń pè ní DAB. Lórí DAB, ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè gbé ilé-iṣẹ́ rédíò mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìgbì kan. Norway ti fi irú rẹ̀ rọ́pò FM àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò tó ń dé gbogbo orílẹ̀-èdè láti 2017. Mi ò sọ pé kí a pa FM bíi tiwọn, nítorí pé rédíò DAB wọ́n, àwọn tó nílò rédíò jù lọ kò sì ní lè rà á. Ṣùgbọ́n rédíò àdúgbò àti ti èdè kékeré tí kò rí àyè lórí FM Èkó tàbí Ìbàdàn lè rí ilé níbẹ̀, bí àwọn aláṣẹ bá tètè sọ ohun tí wọ́n fẹ́, kí ilẹ̀ náà má bàa wà lásán fún ọdún méjìlá bíi ti ìkànnì 6.

Bí ẹ bá ra dẹ́kódà tí FM yín bẹ̀rẹ̀ sí í hó láti ọjọ́ yẹn, nǹkan ń ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbì tẹlifíṣọ̀n kọ́. Ẹ wo ṣájà tó ń gbé iná fún dẹ́kódà náà. Inú irú ṣájà bẹ́ẹ̀, iná ń tàn, ó ń kú lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tí wọ́n bá sì ṣe ní ṣákálá máa ń da ariwo sínú wáyà ilé àti sínú afẹ́fẹ́. Gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú ń ṣe é, ṣájà fóònù ń ṣe é, ẹ̀rọ sólà àti inverter náà lè ṣe é. Ẹ tan rédíò sórí ilé-iṣẹ́ tó ń hó, ẹ wá máa yọ nǹkan kúrò níná níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí híhó náà bá dá lẹ́yìn rẹ̀, òun ni. Bí rédíò náà bá ń lo bátìrì, ẹ gbé e jáde sí gbàgede. Bó bá já gaara níta, inú ilé ni ariwo ti ń wá.

Bó bá ń hó níta náà, tó sì jẹ́ orí nọ́ńbà kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kí ilé-iṣẹ́ mìíràn máa ya lé e. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, aago tó ṣẹlẹ̀, orúkọ àdúgbò, àti ohùn tí ẹ ń gbọ́ lábẹ́ rẹ̀ bó bá wà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ rédíò tí ẹ fẹ́ gbọ́ gan-an, àwọn ni wọ́n ní oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó máa jáde lọ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n tó gbé e lọ bá NBC.